Bàbá Tó Sáré Wọ Ẹnubodè

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Atakpamé ni pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé ní Nàìjíríà ló mọ̀ pé bí o bá fẹ́ kí ilẹ̀ ilé rẹ gún régé, ará Togo ni wàá pè kó wá tẹ́ táìlì rẹ̀. Ọwọ́ ará Togo kan, Ọ̀gá Kókú, ọmọ Atakpamé gan-an, ni èmi náà ti kọ́ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀gá mi ní òun ń padà sílé, mo ní èmi náà ń bọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń tẹ́ táìlì fún àwọn ará Togo nínú ilé wọn. Ẹni tó ru omi lọ tà létí odò ló ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, onílé wo ojú mi, ó wo ojú ọ̀gá mi, ó ní, "Ṣé àwa fúnra wa ti tán nílé ni?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, ebi ń pa mí, mo wọ ilé oúnjẹ kan, mo ní iyán ni mo fẹ́. Obìnrin tó ń tajà ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, fùfú ló wà. Inú bí mi. Fùfú nílé wa, ẹ̀gẹ́ ni, èmi kì í sì í jẹ ẹ́. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí mo ń ṣàárò iyán bí ẹni ń ṣàárò ìyàwó. Àfi ọjọ́ tí mo gba ẹ̀yìnkùlé ilé oúnjẹ náà kọjá tí mo rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń gún iṣu nínú odó. Iṣu gidi. Iyán tí mò ń wá kiri ni wọ́n ń pè ní fùfú lójú mi kòrókòró. Mo jẹ abọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà ní, "Ṣebí o ní o ò fẹ́?"

Èdè tún ni. Ifẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ibí ń pe ara wọn, Ifẹ̀ náà ni wọ́n ń pe èdè wọn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ó máa ń dà bíi pé aládùúgbò ń sọ Yorùbá lẹ́yìn ògiri: màá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, méjì á fò mí ru. Onílé mi, Tàntí Bẹ́à, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, obìnrin ìjọ Àgùdà tí kì í pa Máàsì jẹ. Òun á sọ Ifẹ̀, èmi á fi Yorùbá dá a lóhùn, ibi tí kò bá yé wa a ó fi Faransé dí i. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá rí níbí, èmi ni mo yí i sí Yorùbá. Tirẹ̀ dùn jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira fún mi jù. Iṣẹ́ kò sí, Tàntí á ti lọ sí Máàsì, èmi á jókòó sínú yàrá mi ní orí òkè, màá máa wo òrùlé ìlú nísàlẹ̀. Mo máa ń fọ aṣọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà màá pe ilé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti pínyà ṣáájú ìgbà náà, ìyẹn sì ti lọ́kọ mìíràn ní Ìlọrin. Mo sọ fún ọmọ náà pé ọdún kan péré ni. Ọdún kan di méjì. Nígbà tó fẹ́ jáde nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo búra fún un lórí fóònù pé òjò ìbáà máa rọ̀, oòrùn ìbáà máa ràn, ìjókòó iwájú ni yóò ti bá mi lọ́jọ́ ayẹyẹ náà.

Mi ò lọ. Ilé ìtura ńlá kan fún Ọ̀gá Kókú ní iṣẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, ilẹ̀ tó fẹ̀ ju gbogbo èyí tí a ti tẹ́ rí lọ, ó sì fi mí ṣe olórí iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló bọ́ sí. Mo rò ó, mo ní, ta ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, ṣebí ọmọ náà ni? Mo pè é, mo purọ́ fún un pé wọ́n ti ti bọ́dà. Ó ní, "Ó dáa, Dádì." Ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni a parí ilẹ̀ náà. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ara mi láàárín rẹ̀, mo fi gbogbo eyín mi hàn, mo sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì fóònù mi kí gbogbo ayé rí i. Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, gbólóhùn mẹ́ta ni mo máa ń rí gbà. "Ẹ káàsán, sà. A dúpẹ́, sà. Ìyá àgbà rèé, sà." Nínú iṣẹ́ wa, bí táìlì bá ti gbẹ, a máa ń fi ìka kàn án. Bó bá dún bí agbè òfìfo, afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tú. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ọmọ mi ṣe ń dún sí mi létí. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí fọ́tò náà. Mi ò bi í, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dá mi lóhùn.

Ìyá mi ló tú àṣírí ibi tí ọmọ náà ń gbé ọkàn rẹ̀ sí. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ọmọ rẹ ń bá iwin jà."

"Iwin báwo, Ìyá?"

"Lórí fóònù tó o rà fún un. Ó ní bàbá kan wà níbẹ̀ tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣọ́ ẹnubodè, tó ní bí wọ́n bá ti kórè òun á dé, tí kò dé mọ́. Ó ní òun ni ọmọ rẹ̀, òun ń wá a lọ." Ìyá mi tún ní, "Èmi ò sọ̀rọ̀ o. Mo kàn ní kó o gbọ́ ni."

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ rí. Ó kàn máa ń ní kéèyàn gbọ́ ni.

Eré orí fóònù ló ń sọ. Mo wá eré náà rí, mo gbà á sórí fóònù tèmi. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ irú rẹ̀, ẹ fi í ṣe àlọ́ tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Wàá yan akọni kan, wàá fún un lórúkọ, wàá máa rìn ní ilẹ̀ kan tí kò sí láyé yìí, iwin á máa lé ọ, ìwọ náà á máa lé iwin, bí o bá ṣe ń borí ni agbára rẹ á máa pọ̀ sí i. Ẹni méjì lè jọ ṣe é láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n Atakpamé ni mo ti ra fóònù mi, Faransé ni gbogbo nǹkan inú rẹ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Mo gbé e tọ Tàntí Bẹ́à lọ.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á fún mi bí ẹni ń ka lẹ́tà ìjọba. Nígbà tó dé ibi tí bàbá inú eré ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Nítorí yín ni mo ṣe ń lọ," ó yọ awò náà. "Hẹn," ló wí. "Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó tún un wọ̀. "Tẹ ibẹ̀ yẹn, ká máa lọ."

Mo ní kí ìyá mi bá mi sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé èmi náà ti wọ ilẹ̀ iwin, mo fẹ́ bá a rìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gbà mí wọlé. Nígbà tó yá ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kàn fẹ́ wo bí iwin á ṣe pa mí ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa máa ń ṣe ségesège nítorí òkè. Kamina, lẹ́yìn ìlú, ló ti máa ń dúró dáadáa, nítorí náà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú màá gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, màá jókòó sábẹ́ igi kan nítòsí àwókù ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn Jámánì kọ́ láyé àtijọ́. Tàntí ní àwọn Jámánì fúnra wọn ló wó o palẹ̀ nígbà ogun, kí ọ̀tá má baà rí i lò. Mo ní ó kéré tán, láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ó ní kí n má ba ìtàn jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a jọ ń rìn, a dé ààfin. A ní láti tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ọba ilẹ̀ náà. Ọmọ mi ti dé iwájú ìtẹ́, ó dúró. Èmi náà dé. Ọba arúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ara mi kò gbà á. Mo wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí akọni dọ̀bálẹ̀, mo wá a tì. Mo rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lóṣòó, mo tẹ ìyẹn. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti fa idà yọ, wọ́n pa àwa méjèèjì.

"Kí lẹ ṣe?" ni Morẹ́nikẹ́ bi mí.

"Mo kí ọba ni."

"Ẹ lóṣòó. Olè ló máa ń lóṣòó níbẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ fẹ́ ja ọba lólè ni."

"Ṣé kí n wá dúró gbagidi níwájú ọba, kí n máa wò ó lójú? Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ mi nírú ẹ̀?"

Mo gbọ́ ariwo kan nínú fóònù, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń bàjẹ́. Ẹ̀rín ni. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́, mò ń gbọ́ tí ìyá mi ń bi í pé kí ló dé. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Mo padà lọ síwájú ọba, mo tún lóṣòó, wọ́n tún pa wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ́ kí wọ́n pa wá lọ́jọ́ náà.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa sọ̀rọ̀. Láàárín ìjà ló máa ń sọ nǹkan fún mi, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ fún. Ó ní òun ti ga ju ìyá àgbà lọ. Ó ní òun ò fẹ́ràn olùkọ́ ìṣirò wọn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn ìṣirò. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí àpò akọni ọmọ mi: idà mọ́kànlá, ẹ̀wù irin mẹ́rin, àkísà lóríṣiríṣi. Òun ló máa ń fún mi ní idà tí mo fi ń jà.

Inú mi ń dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́. Níbi iṣẹ́ pàápàá, obìnrin onílé kan wá bá Ọ̀gá Kókú, ó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ Nàìjíríà yẹn ni kó wá tẹ́ ilẹ̀ òun. Ọ̀gá mi sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, ó ń bínú, ó sì ń yangàn. Ṣùgbọ́n àjò ò dùn kónílé má relé, mo sì ti ń rí i pé ilé gan-an ti fẹ́ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni mo jẹ́ ní Atakpamé. Bí mo bá pe àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, "ará Togo" ni wọ́n ń pè mí. Ilẹ̀ iwin nìkan ni èmi àti ọmọ mi ti jọ jẹ́ àlejò, tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé èkejì ló fi òun sílẹ̀.

Ọjọ́ kan ó ṣàdédé sọ pé, "Bàbá inú eré yìí ń sọ̀rọ̀ bíi tiyín."

"Báwo?"

"'Nítorí yín ni mo ṣe ń lọ.'"

Mo ní kó wẹ̀yìn, iwin kan ń bọ̀.

Oṣù kẹrin tí a ti jọ ń rìn la dé ẹnubodè. A bá bàbá náà níbẹ̀, ó ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin ilẹ̀kùn. Ó ní agbára òun ti tán. Ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ wọlé lọ gba ipò òun, kó ti ilẹ̀kùn láti inú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iwin á jáde pa ìlú run. Ẹni tó bá wọlé kò ní jáde mọ́ láé. Akọni rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tó kó jọ.

"Ẹ dúró ná," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò dúró. Orí mi ti wú. Mo ní ọjọ́ tí mò ń wá rèé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́ akọni yẹn dàgbà, mo sì fẹ́ kí ọmọ mi fojú ara rẹ̀ rí bàbá tó lè pàdánù ohun gbogbo nítorí rẹ̀. Mo sáré wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Orin arò bẹ̀rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi lábẹ́ igi ní Kamina, mò ń retí kó sọ pé, "Ẹ ṣeun, Dádì."

"Ẹ tún ti ṣe é," ló wí.

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró. Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí wọ́n fi lè ti ilẹ̀kùn yẹn láti ìta. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a jọ bí mo bá ti ilé ìwé dé. Gbogbo wa là bá jọ máa lọ, àti bàbá yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn. Ẹ kì í bèèrè. Ẹ máa ń sáré lọ ni, ẹ ó sì ní nítorí mi ni."

Ó pa fóònù. Mo pè é títí, kò gbé e. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, "Ẹ káàsán, sà" ti padà dé.

Tàntí Bẹ́à ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìn ilé nígbà tí mo rò fún un. Mo rò pé á bá mi dá ọmọ náà lẹ́bi, nítorí olùkọ́ ni. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Bàbá mi ta oko rẹ̀ ní Elavagnon kí n lè kàwé," ló wí. "Kò sí ìgbà tí a jókòó jẹun tí kò rán mi létí, títí tó fi kú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, èmi ni mo sin ín. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ oúnjẹ kan rí nílé wa tí oko yẹn kò sí nínú ọbẹ̀ rẹ̀."

"Ṣebí ìwé yẹn náà ló sọ yín di ọ̀gá ilé ìwé, Tàntí?"

"Aṣọ ni mo fẹ́ máa rán." Ó wò mí. "Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wà fi ń dà nù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Lọ pè é," ló wí. "Má ṣàlàyé nǹkan kan. Bèèrè."

Mo pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Mo ní kó má tíì gbé fóònù fún ìyá àgbà. Mo ní, "Wọn ò ti bọ́dà lọ́jọ́ ayẹyẹ rẹ. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Iṣẹ́ ni mo yàn."

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rí fọ́tò."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mò ń retí kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ó ti pé mẹ́tàlá. Ojú tì mí, mo sunkún, mi ò sì fi pamọ́ fún un. Mo ní kó dárí jì mí. Mo wá bi í ní ohun tí mi ò bi í rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Mo ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà mo ba táìlì mẹ́fà jẹ́ níbi gígé, Ọ̀gá Kókú ní bí ara mi ò bá yá kí n lọ sùn. Lọ́jọ́ karùn-ún ọmọ náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ padà wálé, mi ò sì ní kẹ́ ẹ má padà. Èmi ni mo fẹ́ wá lọ́lidé. Mo fẹ́ rí ilẹ̀ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ ṣàì wá."

Ìyá mi ló mú un wá. Kí n tó gbé ẹrù wọn wọlé, ìyá mi àti Tàntí Bẹ́à ti jókòó, ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì ń sọ Ifẹ̀, wọ́n ti ń fẹjọ́ wa sun ara wọn. Morẹ́nikẹ́ wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti hu ewú. Ẹ ò sọ fún mi." Mo ní òun náà ti ga tó báyìí, kò sọ fún mi.

Ọjọ́rú la lọ sí ilé ìtura náà. Iṣẹ́ wà fún mi lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá Kókú sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa fóònù. Ọkùnrin kan ń nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn, ó mọ̀ mí, ó ní ká wọlé. Ọmọ mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí àárín. Ó wo ilẹ̀ náà láti ògiri dé ògiri.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an."

Mo ti fẹ́ máa sọ fún un bí a ṣe fa okùn, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Mo pa ẹnu mi dé.

"Ẹ jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn," ló wí. Mo jókòó. "Èmi ni wọ́n yàn kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ ayẹyẹ wa. Mo ní kí ìyá àgbà má sọ fún yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́."

Mi ò mọ̀. Ọdún méjì, mi ò mọ̀.

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó na ọrùn, ó fi òyìnbó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ó kí olùdarí, ó kí àwọn olùkọ́, ó kí àwọn òbí tó wà ní ìjókòó. Kò ṣìnà níbì kankan. Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ òyìnbó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọmọ náà dákẹ́.

"Mo fo ibi tó kàn lọ́jọ́ náà," ló wí fún mi ní Yorùbá.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó wò mí lójú, ó padà sí òyìnbó rẹ̀, ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lè wá jókòó síwájú níbí lónìí."

Ọkùnrin tó ń nulẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ kí ọwọ́ tèmi tó gbéra.